Ó Ní Ó Ti Parí, Aago Ò sì Dún

Níbi iṣẹ́ rẹ̀, "Ó-ti-parí" ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀yẹ. Bí o bá gbé iṣẹ́ fún un, kí o tó kúrò níwájú rẹ̀, yóò ti ní ó ti parí. Nígbà mìíràn, ó ti parí lóòótọ́. Nígbà mìíràn, ó kù díẹ̀, á wá sáré lọ ṣe èyí tó kù kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ìtàn yìí. Ó ní a lè fi orúkọ òun pamọ́, àmọ́ ká má fi ìnagijẹ yẹn pamọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin náà ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló sì mú un wọlé. Kò ṣàìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀: "Ìyàwó àbúrò ọ̀gá ni. Ta ló máa bi í ní ohun tó mọ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún dé egungun.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àgbà kan wà, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣe: ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà.

Nínú wọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́, nítorí ariwo kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, oorun ni wọ́n sì fi ń dàgbà. Bí èémí ọmọ kan bá dá, iná pupa ni yóò máa ṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ rẹ̀, láìsí ohùn. Kọ̀ǹpútà ló máa rí i, òun ló sì máa lu aago lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Bí ọmọ tuntun bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ètò kékeré kan dìde nínú kọ̀ǹpútà náà tí yóò máa ṣọ́ ọmọ náà nìkan. Bí wọn ò bá ṣe é, kò sí aago fún ọmọ yẹn.

Nígbà tí ọ̀gá náà fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ó pè é jókòó.

"Ìyàwó wa, páásíwọ́ọ̀dù tí mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan nìyí. Máa wò ó. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ẹ má dààmú, sà. Ẹ kà á sí pé ó ti parí."

"Kò sí ohun tó ń parí níbẹ̀," ni ọkùnrin náà fèsì. "Ìṣọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò gbà á sí nǹkan kan nígbà yẹn.

Dókítà àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó mú ètò tuntun kan wá lórí fíláàṣì, èyí tí yóò máa fi mímí ọmọ kọ̀ọ̀kan hàn án lórí fóònù rẹ̀ níbikíbi tó bá wà.

"Ọ̀gá ẹ ní ká dúró títí wọn á fi gbé kọ̀ǹpútà tuntun wá," ni dókítà wí. "Mo ti dúró títí, ó ti sú mi. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o lè ṣe é, àbí ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ nìkan ló lè ṣe é?"

Ìbéèrè yẹn gún un lára.

"Mo lè ṣe é, mà. Kí ẹ tó ṣíwọ́ lónìí, ó ti parí."

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ó ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó sì fi páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá wọlé. Ó gbé ètò dókítà sí i. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó ní libc òun ti gbó ju èyí tí ètò náà ń fẹ́ lọ.

Libc ni fáìlì tí gbogbo ètò inú Linux ń yá lò. Bí ètò kan bá fẹ́ kàwé, bó bá fẹ́ kọ̀wé, bó bá fẹ́ wulẹ̀ dìde, ọwọ́ libc ló fi ń ṣe é. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ. Àmọ́ dókítà ti fi libc tuntun sórí fíláàṣì kan náà, ó sì wà níwájú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹran tí wọ́n ti gé sílẹ̀.

Ó rò ó bí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù. Yọ ti àtijọ́, fi tuntun sí i, tan iná.

Ó rántí "Má fọwọ́ kan nǹkan kan." Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé bí ọ̀gá bá dé, inú rẹ̀ á dùn sí i.

Ó pa ti àtijọ́ rẹ́. Ó pàṣẹ kí kọ̀ǹpútà da tuntun kọ síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí libc.

Ó tún un tẹ̀. Èsì kan náà. Ó ní kó to orúkọ àwọn fáìlì fún òun. Kò rí libc. Ó ní kó sọ aago tó lù. Kò rí libc. Gbogbo àṣẹ tó mọ̀ ló tẹ̀, ìlà kan ṣoṣo yẹn ló ń tẹ́ síwájú rẹ̀, tí kò gùn sí i, tí kò kúrú.

Ìgbà yẹn ló yé e. Ọwọ́ tó fẹ́ fi gbé tuntun wọlé, ara ti àtijọ́ ló wà.

Ó sáré wo ojú kọ̀ǹpútà kejì, níbi tí àwọn ọmọ ti ń hàn. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, ìlà mímí wọn ń lọ sókè sódò. Àwọn ètò tó ń ṣọ́ wọn ti dìde kí ó tó ṣe ìbàjẹ́ rẹ̀, wọ́n ti gba ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ libc. Wọ́n dà bí àwọn tó ti wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì. Àwọn tó wà nínú ilé wà nínú ilé. Ẹni tó wà níta ò lè wọlé mọ́. Bí kọ̀ǹpútà náà bá sì fi lè kú pẹ́nrẹ́n, gbogbo wọn jáde nìyẹn, kò ní jí mọ́.

Ibi tí ẹ̀rù ti wá bà á jù ni fèrèsé dúdú yẹn. Ọ̀gá ti ṣètò rẹ̀ pé bí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bá dákẹ́ jù, yóò tì fúnra rẹ̀. Bó bá tì, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa tún un ṣí, nítorí ètò tó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù, libc lòun náà ń yá. Ó gbé ìka lé bọ́tìnì ńlá apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Fóònù rẹ̀ dún. Baba Iná ni, àgbà oníṣẹ́ iná ilé ìwòsàn. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló máa ń gé iná ìlú láti fi wò bóyá ẹ̀rọ amúnáwá á dìde. Bátìrì kọ̀ǹpútà ti kú tipẹ́. Nítorí náà, kó tó gé e, yóò kọ́kọ́ pe ọ̀gá, ọ̀gá á ní kí àwọn nọ́ọ̀sì dúró ti àwọn ọmọ, á rọra pa kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà á tún un tàn.

"Ìyàwó ọ̀gá! Ṣé kí n gé e?"

"Ẹ dúró díẹ̀, sà."

"Kí n dúró? Láti ọjọ́ tí mo ti ń gé iná níbí, ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n dúró rí. Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́, sà. Mo ń tún nǹkan kan ṣe ni."

"O ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, mò ń gòkè bọ̀ wá wò ó."

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì àgbà ni. Kò tilẹ̀ wọlé, orí nìkan ló yọ.

"Ọmọ tuntun ti dé o, àpótí tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó kéré gan-an ni. Mo fẹ́ fi sórí kọ̀ǹpútà láti tábìlì mi, ó kọ̀."

"Nẹ́tíwọ̀kì ni, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi sí i láti ibí."

"Ṣe kíá, jọ̀ọ́. Èmi nìkan ni mo wà nílẹ̀, ẹnì kejì mi wà pẹ̀lú dókítà ní yàrá ìgbẹ̀bí. Mo fẹ́ fún ọmọ ẹnu ọ̀nà lóúnjẹ." Ó gbọ́ tí bọ́tìnì ń dún. "Ṣé ó ti wọlé?"

Obìnrin náà sọ fún wa pé òun ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde. Ó ní ẹnu òun ti mọ ọ̀nà rẹ̀ ju ọkàn òun lọ.

"Ó ti parí, mà."

"O ṣé, jàre." Nọ́ọ̀sì àgbà yí padà.

Ó jókòó. Ó tẹ bọ́tìnì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé díẹ̀ báyìí ni, òun á rí ọ̀nà kan gbé e gbà, òun á fi ọmọ náà sí i, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó ti ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó tún tẹ bọ́tìnì. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà kejì, níbi tí àwọn ọmọ wà. Ó wá ọmọ kọ̀rọ̀. Àyè rẹ̀ ṣófo.

Kò sí ẹni tó ń wo ọmọ yẹn. Nọ́ọ̀sì ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó fetí sí aago tí kò lè dún. Òun ló ní kó fetí sí i.

Ó dìde. Ó jókòó padà. Bó bá lọ, fèrèsé á tì, gbogbo àwọn ọmọ yòókù á wà nínú ewu lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Bó bá sì jókòó... Kò lè parí èrò yẹn. Ó tún tẹ bọ́tìnì.

Baba Iná ti ilẹ̀kùn wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn. "Ìyàwó ọ̀gá, ṣé o fẹ́ kí n..." Ó rí ojú rẹ̀. "Kí ló dé?"

"Ẹ jókòó síbí, sà. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró, kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹ má tẹ òmíràn o! Ẹ má dìde!"

"Èmi? Lórí kọ̀ǹpútà?"

Ó ti sáré jáde.

Wọ́ọ̀dù dákẹ́ rọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ ba ọmọ kan, ó ń fi síríńjì oníke kán wàrà sí i lẹ́nu, ó rọra ń kọrin lábẹ́ èémí. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn rẹ̀, iná pupa ń ṣẹ́jú. Ó tàn, ó kú, ó tàn, ó kú. Kò sí ìró kankan.

"Nọ́ọ̀sì! Ọmọ kọ̀rọ̀! Ọmọ kọ̀rọ̀!"

Nọ́ọ̀sì ti débẹ̀ kó tó pariwo ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpótí, ó ń fi ìka pa àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Ètè ọmọ ti dúdú. Àyà rẹ̀ ò lọ, kò bọ̀.

"Mí, ọmọ mi. Mí fún mi. Mí, jọ̀ọ́. Mí!"

Obìnrin náà dúró, ó di etí àpótí mú. Ó ní òun ò gbàdúrà, òun ò lè rántí ọ̀rọ̀ kankan. Iná pupa yẹn nìkan lòun ń wò.

Ọmọ náà fa èémí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń sunkún lójú oorun. Ó tún fà. Ẹnu kékeré yẹn là, igbe kan jáde tí kò ju ti ọmọ ológbò lọ. Iná pupa kú. Aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà ò yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú àpótí. Ó rọra yí orí padà.

"Aago ò dún."

Obìnrin náà wo inú àpótí.

"Mo ní aago ò dún. Kí ló dé?"

"Mi ò fi ọmọ náà sí i, mà."

"O ní ó ti parí."

"Irọ́ ni mo pa, mà."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. Kò pariwo. Obìnrin náà sọ fún wa pé ìbá sàn kó pariwo.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Aago wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí iná bá lọ, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́."

"Lọ pe ọ̀gá ẹ. Má jókòó kí o tó pè é." Nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ fa àga kan sún mọ́ra, ó sì ké sí ẹnì kejì rẹ̀ ní yàrá ìgbẹ̀bí pé kó máa sáré bọ̀. "Ojú ni a ó fi ṣọ́ wọn báyìí."

Nígbà tó padà dé yàrá kékeré, Baba Iná ṣì wà nídìí iṣẹ́. Ó na ìka kan, ó gbé ara sẹ́yìn, ó ń tẹ bọ́tìnì náà bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iná.

"Mo ń tẹ̀ ẹ́ o. Ṣé kì í gbé èèyàn?"

"Kì í gbé èèyàn, sà. Ẹ ṣeun. Ẹ má ṣíwọ́."

Ìyálé rẹ̀, aya ọ̀gá, ló gbé fóònù. "Wọ́n ti di ojú rẹ̀ méjèèjì, ìyàwó. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbé e sí i létí. Ẹ jọ̀ọ́."

Ohùn ọ̀gá rọ̀. "Ìyàwó wa, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo pa libc rẹ́, sà."

Ó gbọ́ ìyálé rẹ̀ tó ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ṣé o ti pa kọ̀ǹpútà?"

"Rárá, sà."

"Fèrèsé tí o fi ṣe é, ṣé ó ṣì wà ní ṣíṣí?"

"Ó wà ní ṣíṣí. Baba Iná ló ń tẹ bọ́tìnì."

"Ta ni?"

"Èmi ni o, ọ̀gá!" ni Baba Iná ké sínú fóònù. "Ẹ padà wá gba iṣẹ́ yín kí n tó gbà á!"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gé iná," ni ọ̀gá wí. "Ìyàwó wa, jókòó. Mi ò rí nǹkan kan, ojú ẹ ni ojú mi. Fèrèsé dúdú yẹn ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó mọ̀ fúnra rẹ̀, tí kì í yá lọ́wọ́ libc. Echo jẹ́ ọ̀kan. Tẹ echo, kí o ní kó pe gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú libc nínú àpò fáìlì tí o ti pa á rẹ́. Kà á fún mi, má fo nǹkan kan. Kí ni o rí?"

Baba Iná dìde fún un; ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ka èsì rẹ̀ fún ọ̀gá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àmì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orúkọ gígùn kan tó ní nọ́ḿbà nínú, ọ̀gá ní kó dúró, kó tún un kà.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ni ọ̀gá wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Ohun tí o pa rẹ́ kọ́ ni libc gan-an. Orúkọ kúkúrú tó ń tọ́ka sí i ni, bí àmì ojú ọ̀nà. Wọ́n ń wá a níbi tí àmì wà, wọn ò rí àmì, wọ́n ní kò sí. Àmì la máa dá padà. Ètò kékeré kan wà tí wọ́n kọ́ kó lè dá dúró, kì í yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sln lorúkọ rẹ̀. Tẹ ohun tí mo bá pè. Má ṣe ní kó lọ títí mo fi máa sọ."

Ọ̀gá pè é, òun sì tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́ tán?"

"Ó ti..." Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, sà."

Ó kà á. Ó kà dé ìdajì, ó rí i pé òun ti fo lẹ́tà kan. Bó bá ti ní kó lọ bẹ́ẹ̀, ibòmíràn ni àmì ìbá tọ́ka sí. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.

Ìgbà náà ni gílóòbù òkè orí wọn rẹlẹ̀. Ó pọ́n, ó fẹ́ kú. Kì í ṣe Baba Iná, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lérí. Iná ìlú ló ń ṣe tirẹ̀. Ó gbọ́ tí fáànù inú kọ̀ǹpútà ń lọ sílẹ̀.

Iná náà mọ́lẹ̀ padà.

"Kà á," ni ọ̀gá wí. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó kà á látòkè délẹ̀. Èyí tó kà yìí ló lọ́ra jù nínú gbogbo ohun tó ti kà láyé rẹ̀.

"Ó péye. Ní kó lọ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan. Ó ní kó to orúkọ àwọn fáìlì fún òun. Wọ́n tò wá, ìlà lórí ìlà, títí wọ́n fi kún ojú fèrèsé. Baba Iná pàtẹ́wọ́.

"Ṣé ó ti parí?" ni ọ̀gá béèrè.

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó."

"Lọ."

Ó fi ọmọ kọ̀rọ̀ sí i. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀, ó bẹ nọ́ọ̀sì àgbà pé kó yọ wáyà kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ náà díẹ̀. Iná pupa ṣẹ́jú. Aago dún lórí tábìlì ìta, aago burúkú tí gbogbo wọn máa ń ṣépè fún. Ó fara ti ògiri, ó sunkún.

Nọ́ọ̀sì àgbà dá wáyà padà. "Mi ò ní fẹjọ́ ẹ sùn," ó ní. "Ẹnu ara ẹ lo máa fi sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ìyá ọmọ náà wọlé lórí àga onítáyà. Ẹnì kan ti sọ fún un pé obìnrin kọ̀ǹpútà ló rí ọmọ rẹ̀, tó ké, tí wọ́n fi rí ọmọ gbà. Bó ti fojú kàn án, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fẹ́ fi orúnkún kanlẹ̀ láti orí àga.

"Ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀yin lẹ bá mi bí ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kejì."

Nọ́ọ̀sì àgbà ń ká aṣọ nítòsí. Ó dáwọ́ dúró.

Obìnrin náà sọ fún wa pé ìdánwò yẹn le ju ti libc lọ. Kò ju "Kò tọ́pẹ́" lọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìyá náà ń yọ̀. Ta ló máa dá ayọ̀ rẹ̀ dúró?

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mà," ó ní. "Èmi ni mo ba ohun tó yẹ kó lu aago jẹ́. Mo mọ̀ pé ọmọ yín ò sí lórí ẹ̀, mo sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó wà níbẹ̀."

Ọwọ́ ìyá náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Ká ní ẹ ò sáré wá ńkọ́?"

Ìyá náà yọ ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun ti àga sún mọ́ àpótí. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó gbé ojú lé àyà ọmọ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, kò sì yíjú padà mọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ló sọ ọ́ fún dókítà àti àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn. Wọ́n yọ ọ́ nídìí kọ̀ǹpútà náà fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá dé, ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà, kò sì fi tuntun hàn án. "Ìyàwó wa" ló ṣì ń pè é. Nígbà tó yá, ó gbà á padà sídìí ìṣọ́, ó fi ọjọ́ Ẹtì lé e lọ́wọ́.

Ọ̀sán ni Baba Iná máa ń pè.

"Ṣé kí n gé e?"

"Ẹ dúró, sà. Kí n lọ wò wọ́n ná."

Á wọ wọ́ọ̀dù, á lọ láti àpótí kan sí èkejì, á fi ojú ara rẹ̀ wo iná orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní kọ̀rọ̀ ló máa ń pẹ́ sí jù, bí àpótí ibẹ̀ bá tilẹ̀ ṣófo. Baba Iná ò bi í rí pé kí ló ń wò níbẹ̀. Á di fóònù mú, á máa dúró.